Ta Ló Máa Gbé Fóònù?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ilé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan jẹ́, ẹ má wo bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ má sì ka ohun tó kọ nípa ara rẹ̀ sórí Facebook. Ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé fóònù náà á dún títí á fi já. Ó lè jẹ́ pé ohùn kan á ní kí ẹ tẹ oókan, kí ẹ tẹ eéjì, lẹ́yìn náà orin á bẹ̀rẹ̀, orin náà kò sì ní tán. Ó sì lè jẹ́ pé ọkùnrin kan á gbé e, á ní òun ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà òun ni wọ́n ṣì ń fún àwọn èèyàn. Èyíkéyìí tí ẹ bá bá pàdé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: iṣẹ́ ẹni tó ń bójú tó fóònù ọ́fíìsì kì í ṣe iṣẹ́ wáyà nìkan. Òun ló ń pinnu ẹni tí wọ́n máa gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ẹni tí wọn kò ní gbọ́. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó wá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, tó gba owó rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òǹkọ̀wé ni mí, kò sí ilé iṣẹ́ kan pàtó tí mò ń bá ṣe. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Alajo, ní Accra, ló gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n kọ àwọn ìwé pélébé tí wọ́n á máa fún aláìsàn, èyí tó máa ṣàlàyé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan lédè tó yéni. Tábìlì tí wọ́n fún mi wà nínú yàrá tí ẹ̀rọ fóònù wà. Nígbà tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà rí iṣẹ́ míì, tó sì lọ, ọ̀gá yíjú sí mi. Ó ní èmi tí mo gba oyè mástà, kò yẹ kí ẹ̀rọ kékeré yìí le fún mi. Èdè ni mo fi gba oyè náà. Mi ò rí ibi tí èdè àti wáyà ti fẹ́ pàdé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i.

Ẹni tó bá mọ Alajo mọ̀ pé àárín Kokomlemle, Accra New Town àti Kotobabi ló wà. Ní òpópónà kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ lè gbọ́ Gà, Twi, Haúsá àti Ewe kí ẹ tó ra wàákyé tán. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá náà, nítorí Accra New Town tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá kó ẹrù wọn lọ sílé. Àwọn kan kò lọ. Àwọn kan lọ, wọ́n sì tún padà. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wà ní agbègbè náà dòní.

Kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n ṣí ibùdó fóònù àkọ́kọ́ sí Accra lọ́dún 1892, ìlà 70 péré ló ní, èèyàn ló sì ń fi ọwọ́ so ìpè kan mọ́ èkejì. Ẹ ó gbé fóònù, ẹ ó sọ ẹni tí ẹ ń wá, oníṣẹ́ náà á sì fi wáyà so yín pọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lè so yín mọ́ ẹni tí ẹ ń wá, ó sì lè so yín mọ́ ẹlòmíì. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Almon Strowger, iṣẹ́ òkú sísin ló ń ṣe. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìyàwó ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ló wà nídìí ẹ̀rọ fóònù ìlú wọn, ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ló sì ń darí àwọn tó ń wá Strowger sí. Bóyá bó ṣe rí gan-an nìyẹn o, bóyá àsọdùn wà níbẹ̀. Èyí tó dájú ni pé ní 1891, Strowger gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń so ìpè fúnra rẹ̀ láìsí èèyàn láàárín.

Láti ìgbà náà ni a ti ń rò pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì ní láti sọ fún ẹ̀rọ náà ibi tí ìpè máa gbà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní PBX nìyẹn: ẹ̀rọ tó ń gba ìpè láti ìta, tó sì ń pín in fún àwọn fóònù inú ọ́fíìsì. Láyé àtijọ́, odidi kọ́bọ́ọ̀dù ni, owó rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ní 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mark Spencer, tí kò lówó tó máa fi rà á fún ilé iṣẹ́ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, kọ tirẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó pè é ní Asterisk, ó sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ọ́fíìsì kéékèèké ń lò lónìí, orí Asterisk ni wọ́n kọ́ ọ lé. Irú rẹ̀ ni tiwa ní Alajo. Kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Orí pẹpẹ gíga ló wà, nítorí gọ́tà ńlá Odaw kò jìnnà, omi òjò sì ti wọlé rí. Ìlà 030 kan àti síìmù méjì ni ìpè ń gbà wọlé, fóònù méje ló sì wà lórí tábìlì, pẹ̀lú nọ́ńbà abẹ́lé tiwọn: 101 fún olùgbàlejò, 102 fún akápò, 103 fún yàrá àyẹ̀wò, títí lọ dé 107.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bá níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà fóònù kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀ sí nọ́ńbà rẹ̀. Ti 101 ni 101, ti 102 ni 102. Ẹni tí kò bá mọ ewu inú rẹ̀ á ní kí ló burú níbẹ̀. Àwọn olè kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá wọlé, wọ́n á dúró di òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á wá máa fi ìlà yín pe àwọn nọ́ńbà òkèèrè olówó gọbọi tí wọ́n jọ ń pín èrè rẹ̀. Ẹ̀yin á sùn, fóònù yín á máa ṣiṣẹ́ fún wọn. Ìgbà tí bíìlì bá dé ni ẹ tó máa mọ̀. Mo yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà, mo ti ọ̀nà ìpè òkèèrè fún fóònù tí kò nílò rẹ̀, mo sì ní kí ẹ̀rọ náà má ṣe dá ẹnikẹ́ni lóhùn láti ìta ọ́fíìsì. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣí àkọsílẹ̀ ìpè. Gbogbo PBX ló ní i, àmọ́ àwọn tó ń wò ó kò pọ̀. Ó ń sọ nọ́ńbà tó pè, ọjọ́ àti aago tó pè, iye ìṣẹ́jú àáyá tó lò, àti ibi tí ìpè náà parí sí. Mo rí nọ́ńbà kan tó pè nígbà mọ́kànlá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí èyí tó pé ìṣẹ́jú kan nínú wọn. Gbogbo wọn ló parí sórí ohùn àgbàsílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí n tó dé, ohùn obìnrin kan tó ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bí ó bá jẹ́ èsì àyẹ̀wò lẹ fẹ́, ẹ tẹ oókan, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ tẹ eéjì.

Mo pe nọ́ńbà náà padà. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ẹni náà dákẹ́. Mo bọ́ sí Twi mi tí kò tó nǹkan, ó dáhùn, àmọ́ láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́ “ẹ jọ̀ọ́.”

“Màmá, ṣé Yorùbá ni yín?”

“Yorùbá ni mí, ọmọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Lagos Town níbí ni wọ́n bí mi sí. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

Mo kúnlẹ̀ kí wọn lórí fóònù, bí a ṣe máa ń ṣe, mo sì sọ ibi tí mo ti ń pè.

“Ẹ̀hẹ́n! Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni obìnrin yẹn wà, èyí tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ sí èèyàn lẹ́nu? Mo kí i títí. Mo kí i láàárọ̀, mo kí i lọ́sàn-án, kò dá mi lóhùn. Ó kàn ń sọ tirẹ̀ lọ ni. Mo ní kó jọ̀wọ́ dúró kí n sọ tèmi, kò dúró. Ẹni tí wọ́n kí tí kò jẹ́ lẹ wá fi síbi tí aláìsàn ń pè?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ̀rọ wo? Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Obìnrin ni.”

Èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà wọn ti jáde láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ẹtì nìyí. Dókítà ti ní kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun títí èsì náà á fi dé ọwọ́ òun, ọmọ-ọmọ wọn tó máa ń bá wọn pe irú ibi báyìí sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní Kumasi. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé wọn fi wà nínú dúrọ́ọ̀ wa, tí àwọn náà sì fi ń kí ẹ̀rọ. Wọ́n wọ trotro wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe wọlé, wọ́n wo olùgbàlejò wa lójú dáadáa, wọ́n wá bi mí ní Yorùbá pé, “Ṣé òun nìyí?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, olùgbàlejò náà sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí fóònù, kò sí ojú. Ìkíni ló dúró fún ojú níbẹ̀. Bí mo bá kí yín tí ẹ sì jẹ́ mi, mo ti mọ̀ pé ẹ rí mi, mo lè wá sọ ohun tó gbé mi dé. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹlẹ́dè Twi tàbí Haúsá, kí ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ láìkí i, ẹ ó rí bí ohùn rẹ̀ ṣe máa yí padà. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í jẹ́ni lóhùn, ní etí ìyá àgbà yìí, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ọ̀gá gbọ́ ìtàn náà, ó sì ní kò burú, kí a gba ohùn sílẹ̀ ní gbogbo èdè. Èrò tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kà á pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Kí ẹ̀rọ náà tó fi Twi, Gà, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ka gbogbo oókan àti eéjì rẹ̀ tán, ó ti lé ní ìṣẹ́jú kan, owó ẹni tó pè ló sì ń jó. Bẹ́ẹ̀ a kò tíì fi Ewe sí i, a kò tíì fi Yorùbá sí i. Bí a bá sì fi gbogbo wọn sí i, ẹ̀rọ náà ò tíì jẹ́ ẹnikẹ́ni lóhùn. Èdè púpọ̀ sí i lẹ́nu ẹ̀rọ kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Èèyàn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e. Ọmọ Alajo tó bá jókòó sídìí fóònù, kò sí bí kò ṣe ní gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta, bí kò bá sì gbọ́ tẹ̀kẹrin, ó mọ ẹni tó gbọ́ ọ nínú yàrá kejì.

Ohun tí mo ṣètò nìyí. Bí ìpè bá wọlé, 101 á dún fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá sí ẹni tó gbé e, 102 àti 103 á dara pọ̀ mọ́ ọn. Bí wọn kò bá tún gbé e, ìgbà náà ni ohùn àgbàsílẹ̀ tó wọlé, gbólóhùn kan ní èdè kọ̀ọ̀kan: ẹ má bínú, a ó pè yín padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ á tẹ orúkọ nọ́ńbà tí a kò gbé jáde, ẹnì kan á sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ètò yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Ó ti wà nínú ẹ̀rọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Àkọsílẹ̀ ìpè ní ojú kejì o, ibẹ̀ ni kò ti rọrùn. Nígbà tí ọ̀gá rí ohun tó lè sọ fúnni, ó ní kí n tẹ ti olùgbàlejò jáde fún oṣù kan. Ó ṣẹlẹ̀ pé lójoojúmọ́, láti aago méjìlá ààbọ̀ sí aago kan ààbọ̀, ìpè ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e. Ó fẹ́ yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, mo sì ní kó tún un wò. Wákàtí yẹn ni ọmọbìnrin náà fi ń kírun, tó sì fi ń jẹun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni méjèèjì. Ẹ̀rọ ni kò ní ẹlòmíì tó lè fún ní ìpè nígbà tí kò bá sí lórí ìjókòó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kò yọ owó rẹ̀ mọ́. Ó wá béèrè bóyá a lè máa gba ohùn gbogbo ìpè sílẹ̀. Ẹ̀rọ lè ṣe é, bọ́tìnnì kan ni. Ṣùgbọ́n Gánà ní òfin ààbò ìsọfúnni láti ọdún 2012, Act 843, tó ní kí ẹni tí à ń gba ìsọfúnni rẹ̀ mọ̀ pé à ń gbà á, kó sì mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2023. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti oyún àti àrùn ni àwọn èèyàn ń bá wa sọ lórí fóònù yẹn. Mi ò tẹ bọ́tìnnì náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ta ló ṣì ń lo fóònù ọ́fíìsì lóde òní, ṣebí WhatsApp ti dé. Mo gbà pé WhatsApp wúlò. Ṣùgbọ́n WhatsApp ọ́fíìsì, orí fóònù ẹnì kan ló sábà máa ń wà, nínú báàgì ẹni náà. Ọjọ́ tó bá ṣàìsàn, ọ́fíìsì ṣàìsàn. Ọjọ́ tó bá bínú kúrò, àwọn oníbàárà bá a lọ. Láti Accra dé Ìbàdàn, mo ti rí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé agbẹjọ́rò tí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́ ló ń yá lò. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí kò lè tẹ WhatsApp. Ohùn ló ní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń wí fún àwọn tó fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀rọ fóònù wọn lọ sórí kọ̀ǹpútà òkè òkun. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Gánà, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní agbègbè wa wà nínú òkùnkùn íntánẹ́ẹ̀tì, àtúnṣe rẹ̀ sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń pín ìpè yín bá wà ní Yúróòpù, Kotobabi kò ní lè pe Alajo lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán èèyàn lè rìn ín. Ẹ jẹ́ kí ó kéré tán síìmù kan wà nínú ẹ̀rọ tó wà lórí pẹpẹ yín, kí bátìrì tó lè gbé e títí dumsor á fi parí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́, tàbí tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbì kan, ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ yìí máa jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, kó má jẹ́ àfikún tí wọ́n dì mọ́ ẹni tó bá ṣèèṣì jókòó nítòsí. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà náà jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó mọ òfin tó de àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì sọ ọ́ di amí lórí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó béèrè iye owó tó wọlé, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ta ló pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá tí a kò dá lóhùn?